Ìwé Afinimọ̀nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Ta Ni Òǹkọ̀wé Ń Dúró Dè?

Ní ọdọọdún, nígbà tí àwọn yunifásítì bá gbé orúkọ àwọn ọmọ tuntun jáde, ìròyìn tí ń mú orí òbí wú kò ju kí a sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti rí ààyè láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Gbogbo àdúgbò a gbọ́. Wọn a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a ṣe àdúà ní mọ́ṣáláṣí. Ẹlòmíràn a sì ti máa pe ọmọ náà ní Lọ́yà kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan kíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayọ̀ náà bá rọlẹ̀ ni ìyàtọ̀ ńlá kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ méjì tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Bí bàbá ọmọ kan bá jẹ́ agbẹjọ́rò, ọmọ náà ti mọ bí ìwé àkójọ ẹjọ́ ti rí kí ó tó kúrò nílé; ó ti ń gbọ́ orúkọ ẹjọ́ níbi tí wọ́n gbé ń jẹun alẹ́; bí ẹ̀kọ́ bá sì ta kókó fún un, yóò tẹ bàbá rẹ̀ láago. Ọmọ kejì, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀lùbọ́, tí bàbá rẹ̀ sì ń ro oko kòkó, kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ lè pé ju ti ọmọ kìíní lọ. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò mú un lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, tí yóò wí fún un pé: báyìí ni a ti ń ka ẹjọ́, báyìí ni a ti ń dáhùn ìbéèrè, ìwé yìí ni kí o rà, èyíinì kò tí ì kàn ọ́.

Nítorí ọmọ kejì yìí ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lórí ìwé afinimọ̀nà fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Kì í ṣe ìwé tí ń kọ́ni ní òfin gan-an ni a ń wí. Àwọn wọ̀nyẹn wà, wọ́n nípọn bí búlọ́ọ̀kù, owó wọn sì ga. Ìwé pẹlẹbẹ tí ń kọ́ ọmọ tuntun bí a ti ń kọ́ òfin ni a ní lọ́kàn. Èrò tiwa ni pé àwọn tí ó yẹ kí wọn kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, wọn kò sì gbọdọ̀ jókòó de ilé iṣẹ́ ńlá kankan kí ó tó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Kí wọn tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, kí wọn sì polówó rẹ̀. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà polówó rẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ wa yóò ti le díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ kan hàn, kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ kò kọ́ òfin lè mọ ohun tí ń dẹ́rù ba ọmọ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1928, ní ìlú Paisley ní ilẹ̀ Scotland, ọ̀rẹ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Donoghue ra ohun mímu inú ìgò fún un ní ilé ìtura. Ìgò náà dúdú, ojú kò lè ríran wọ inú rẹ̀. Obìnrin náà mu nínú rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n da ìyókù jáde ni òun rí ìgbín tí ó ti jẹrà, àti pé àìsàn ni ó fi ṣe fún òun. Kì í ṣe òun ni ó fi owó ra ohun mímu náà, nítorí náà kò sí àdéhùn kankan láàárín òun àti ẹni tí ó tà á. Kò sì mọ Stevenson tí ó ṣe é rí. Ǹjẹ́ ó lè pe Stevenson lẹ́jọ́? Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní Ilé Àwọn Ọlọ́lá ní London, wọ́n sì dá a ní 1932. Àwọn márùn-ún ni wọ́n jókòó. Mẹ́ta ní ó lè pè é lẹ́jọ́, méjì ní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ wádìí bóyá ìgbín wà nínú ìgò tàbí kò sí. Ohun tí òfin wí ni wọ́n jókòó lé lórí.

Ọmọ tuntun yóò ṣí ẹjọ́ yìí, yóò sì bá ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ pàdé. Adájọ́ kọ̀ọ̀kan ń sọ tirẹ̀. Èyí ń tako ìyẹn. Ẹlòmíràn lọ jìnnà sínú ẹjọ́ àtijọ́ kí ó tó padà wálé. Ta ni yóò sọ fún ọmọ náà èwo ni òfin nínú gbogbo rẹ̀? Ṣé lórí ìgbín ni? Ṣé lórí ohun mímu nìkan ni? Tàbí lórí ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe nǹkan tí yóò dé ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ẹni tí yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọ̀nà? Ó níláti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdí gan-an tí ìdájọ́ fi rí bẹ́ẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kàn sọ ní ẹsẹ̀ ọ̀nà. Bí ó bá mọ èyí, ó ti rí kọ́kọ́rọ́ ilé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò há gbogbo ìtàn ìgbín náà sórí bí ẹni ń há Ìwé Mímọ́, yóò kọ ọ́ láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìdánwò, máàkì rẹ̀ yóò sì kéré. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Nǹkan àkọ́sórí ni ilé ẹ̀kọ́ girama fi dá a lọ́lá, ó sì rò pé ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun.

Àìní yìí kì í ṣe ti òní, kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ní Oxford, ní 1753, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Blackstone, tí iṣẹ́ agbẹjọ́rò kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́rùn ní London, padà sí yunifásítì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò tí ì ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní yunifásítì wọn, nítorí òfin àwọn ará Róòmù àti ti ìjọ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ní 1756 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde tí ó fi to gbogbo ẹ̀ka òfin náà lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn tí ń gbọ́ ọ. Láti 1765 títí di 1769 ni ìwé ńlá rẹ̀ fi jáde ní apá mẹ́rin. Ohun tí ó dùn mọ́ wa nínú ìtàn yìí ni ìdí tí òun fúnra rẹ̀ fi sọ pé òun gbé ìwé náà jáde: ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀ nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀ ti di ohun tí àwọn kan ń tà ní ìkọ̀kọ̀, àṣìṣe sì kún inú rẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn tí ń ta iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Karl Llewellyn ń bá àwọn ọmọ ọdún kìíní sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Columbia ní New York lórí bí a ti ń kọ́ òfin. Ní 1930 wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún ìlò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ nìkan. Igbó ẹ̀gún ni ó fi sọ orúkọ ìwé náà, The Bramble Bush, nítorí pé orin ọmọdé kan wà ní èdè wọn nípa ọkùnrin tí ó bẹ́ sínú igbó ẹ̀gún tí ojú rẹ̀ fọ́, tí ó sì tún bẹ́ sínú òmíràn tí ojú náà là padà. Ẹni tí ó bá ti kọ́ òfin yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún kíláàsì yìí kò parun. Lẹ́yìn ogún ọdún, ní 1951, ó jáde fún gbogbo ayé, wọ́n sì ń kà á títí di òní.

Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa mọ̀ jùlọ ni ìwé tí Glanville Williams, ọmọ ilẹ̀ Wales, kọ ní 1945, Learning the Law. Ìwé rere ni; a kò ní bu ọlá rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó bá a mu nígbà tí ó jẹ́ pé London ni gbogbo ẹni tí yóò bá di agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà ń lọ, láti ìgbà Christopher Sapara Williams tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ náà ní 1879, tí ó jẹ́ ẹni kìíní nínú àwọn ènìyàn wa, títí dé ìgbà Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1946. Láti 1962 tí òfin ti dá ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀ fún wa, tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ilé-ẹjọ́ tiwa ni wọn yóò dúró níwájú rẹ̀. Òfin ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ àti ogún wà níbẹ̀, òfin Sharia wà níbẹ̀, ìwé òfin ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ń jáde lójoojúmọ́. Ìwé tí a kọ fún ọmọ Cambridge kò lè sọ fún ọmọ Ìkirè ibi tí yóò ti wá ẹjọ́ ọmọ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ fún un bí yóò ti ka ìwé nígbà tí iná mànàmáná kò bá sí, tí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ sì ń du ẹyọ ìwé kan ní ilé ìkàwé.

Ta ni ó yẹ kí ó kọ ọ́? Ẹnu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò kéré, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti la odò náà kọjá, wọn kò rántí ibi tí omi ti mu wọn dé ọrùn mọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, tí aṣọ rẹ̀ kò tí ì gbẹ, ni ó mọ ibi tí òkúta wà. A mọrírì kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá a yẹ ìwé náà wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ohun tí ó tọ́ ni, ẹni tí ó bá sì kọ̀ láti jẹ́ kí àgbà wò ó, ìwé rẹ̀ yóò jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà jẹ́ ti ọ̀dọ́, kí ó sì sọ̀rọ̀ bí ọ̀dọ́.

Níbi títẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń dúró sí. Wọn a fi ìwé àfọwọ́kọ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá, wọn a sì máa retí. Ilé iṣẹ́ ńlá kò sì fẹ́ràn irú ìwé yìí, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹnikẹ́ni. Ìwé tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò rà ni èrè wọn wà; àwọn ọmọ tuntun tí ń kọ́ òfin kò tó nǹkan lójú wọn. Kò sì sí ẹni tí kò mọ ìtàn ìwé Àlùfáà Samuel Johnson lórí àwọn Yorùbá. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Ní 1899 ìwé àfọwọ́kọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́. Òǹkọ̀wé náà kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Ọbadáyà Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn ìwé ìjókòó tí ó ṣẹ́ kù. Nígbà tí òun náà fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú ogun. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, ọdún kan lẹ́yìn tí Dókítà náà pẹ̀lú ti papòdà. A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilẹ̀ wa tí wọ́n kọ ìtàn ìlú wọn, tí wọ́n kọ ìwé àdúrà, ìwé ewì àti ìwé ìbéèrè òun ìdáhùn fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ìtòsí, tí wọ́n fi owó ara wọn tẹ̀ ẹ́, wọ́n pọ̀ lọ jàra. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Nínú iṣẹ́ òfin pàápàá, olóògbé Gani Fáwẹ̀hìnmí fi ohun tí ó ṣeé ṣe hàn wá: láti 1985 ni ilé iṣẹ́ tí òun tìkára rẹ̀ dá sílẹ̀ ti ń tẹ ìwé àkójọ ìdájọ́ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ó fi di ohun tí kò sí ilé-ẹjọ́ tí a kò ti ń tọ́ka sí i.

Ẹni tí yóò bá tẹ ìwé fúnra rẹ̀ níláti mọ bí owó ti ń rìn nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ lọ sí Ṣómólú ní Èkó, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láàárọ̀ lálẹ́, ẹ béèrè iye tí wọn yóò gbà lórí ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà àti lórí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ ó rí i pé owó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún kéré púpọ̀ sí ti ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé owó àtitò àti owó páànù ìtẹ̀wé kò yí padà, ìbáà jẹ́ púpọ̀ ni a tẹ̀ tàbí díẹ̀. Ibí yìí ni ìdẹwò wà. Òǹkọ̀wé a ní, "Ó dára, ẹ tẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún". Páálí ìwé a kún abẹ́ ibùsùn, ikán a sì di òǹkàwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìmọ̀ràn wa ni kí ó tẹ ìwọ̀nba tí ọmọ tuntun ní yunifásítì méjì tàbí mẹ́ta lè rà ní ọdún kan. Ẹ̀rọ ayé òde òní sì ti mú un rọrùn láti tẹ ìwé bí a ti ń fẹ́ ẹ, àní ẹyọ kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ń wọ́n díẹ̀. Owó tí kò gbọdọ̀ dùn ún ni èyí tí yóò san fún ẹni tí yóò yẹ àṣìṣe ìwé wò. Ìwé tí ń kọ́ni bí a ti ń kọ orúkọ ẹjọ́, tí òun fúnra rẹ̀ wá ṣi orúkọ ẹjọ́ kọ, kí ni a fẹ́ pè é?

Àwọn ìlànà ìjọba kò ṣòro. Ilé Ìkàwé ti Orílẹ̀-èdè ni ó ń fúnni ní nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé mọ̀ káàkiri ayé, èyí tí a ń pè ní ISBN. Òfin tí ó dá Ilé Ìkàwé náà sílẹ̀ ní 1970 sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá gbé ìwé jáde kó ẹ̀dà mẹ́ta lọ síbẹ̀ láàárín oṣù kan. Méjì yóò wà níbẹ̀ títí láé, ẹ̀kẹta yóò lọ sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró de ìwé-ẹ̀rí kankan: ní kété tí ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni òfin ti dáàbò bò ó, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé ti 2022 ti fi múlẹ̀.

Wàyí o, a dé orí ìpolówó. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, a kò sì rí ẹni tí yóò jiyàn. Òǹkọ̀wé tí ojú ń tì láti polówó ìwé rẹ̀ kò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní oore, nítorí ohun tí ènìyàn kò gbọ́ nípa rẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọjà yìí kò dà bí iṣu tàbí ata. Ẹni tí ń ra iṣu lè fọwọ́ kàn án, ó lè wò ó bóyá ó ti ra. Ọmọ tí ń ra ìwé afinimọ̀nà kò mọ ọ̀nà. Ìdí tí ó fi ń rà á gan-an nìyẹn. Kò lè mọ̀ bóyá ìwé náà dára títí ìdánwò yóò fi dé, nígbà náà ẹ̀pa kò bóró mọ́. Afọ́jú tí ó fi ọwọ́ lé ejìká ènìyàn ni. Ẹni tí ó ní ejìká ni kí ó bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ó ṣe wá ní ẹ̀rín pé nínú àwọn ẹjọ́ tí ọmọ tuntun máa ń kọ́kọ́ kà lórí àdéhùn, ọ̀kan dá lórí ìpolówó àsọdùn. Ní 1891, ilé iṣẹ́ kan ní London ń ta bọ́ọ̀lù rọ́bà kan tí oògùn lẹ́bú wà nínú rẹ̀, tí a ń fà sí imú. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tí ó bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì bí wọ́n ti là á sílẹ̀, tí àìsàn influenza bá tún mú un, àwọn yóò fún un ní ọgọ́rùn-ún pọ́ùn. Wọ́n ní àwọn tilẹ̀ ti fi ẹgbẹ̀rún pọ́ùn sí báǹkì kí ayé lè mọ̀ pé àwọn kò ṣeré. Ìyáàfin Carlill rà á, ó lò ó fún bí oṣù méjì, influenza sì mú un. Nígbà tí ó béèrè owó rẹ̀, wọ́n ní àsọdùn ọlọ́jà lásán ni. Ní oṣù Kejìlá 1892 ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kì í ṣe àsọdùn lásán: wọ́n ti ṣe ìlérí, obìnrin náà ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, kí wọn san owó rẹ̀. Ó sì gba ọgọ́rùn-ún pọ́ùn náà.

Nítorí náà, bí òǹkọ̀wé kan bá kọ ọ́ sára ògiri pé ẹni tí ó bá ka ìwé òun kò ní fìdí rẹmi, àti pé bí ó bá fìdí rẹmi kí ó wá gba owó rẹ̀, kí ó mọ̀ pé àwọn tí ń ra ìwé náà ni yóò kọ́kọ́ mọ òfin tí wọn yóò fi mú un. Irú ìpolówó yìí sì pọ̀: ìwé tí a fi àwòrán ẹni tí ó gba ipò kìíní sára èèpo rẹ̀, tí ẹni náà kò sì kọ ojú ìwé kan nínú rẹ̀, ìwé tí a ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yìn, tí a kò dárúkọ wọn, ìwé tí a ní ìbéèrè ìdánwò ọdún yìí wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí, bí kò bá jẹ́ irọ́, ó burú ju irọ́ lọ. Bí òǹkọ̀wé bá ti di agbẹjọ́rò, ó tún ní ìkìlọ̀ mìíràn. Ìlànà ìwà iṣẹ́ wọn gbà wọ́n láàyè láti polówó iṣẹ́ wọn bí ó ti tọ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀ fún wọn láti fi ara wọn wé agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ wọn, tàbí láti máa ka iye ẹjọ́ tí wọ́n ti jàre fún aráyé. Àwa rí i pé ìlànà náà yẹ ìwé pẹ̀lú.

Àṣà méjì wà tí a kò fẹ́ gbóríyìn fún. Èkíní ni ìkójáde ìwé olówó ńlá. A ó pe alága, a ó pe olùkójáde, a ó pe ìyá ọjọ́ àti bàbá ọjọ́; ọlọ́lá kan yóò dìde, yóò ní òun ra ẹ̀dà márùn-ún ní iye tí ó lè ra màlúù, gbogbo ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́, ìwé náà yóò sì lọ sùn sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. A kò ní kí òǹkọ̀wé má gba owó náà, nítorí owó atẹ̀wé níláti ti ibì kan wá. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí a torí rẹ̀ kọ ìwé kò sí nínú gbọ̀ngàn náà. Àṣà kejì ni kí ẹni tí ń kọ́ni ní kíláàsì sọ ọ́ di túláàsì fún àwọn ọmọ láti ra ìwé òun, kí ó máa kọ orúkọ ẹni tí ó rà àti ẹni tí kò rà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ti fi òfin de èyí. Ìwé tí a fi ìbẹ̀rù máàkì tà kò tí ì tà.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò fara sin. Kí òǹkọ̀wé fi orí kan nínú ìwé náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ayé òde òní, orí fóònù ni yóò gbà dé ọwọ́ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ó lọ bá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ tuntun dé, kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí bí a ti ń ka ẹjọ́, kí ó sì gbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yé yóò rà á bí ó ti ń jáde lọ. Kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú ìwé, yunifásítì tí ó lọ, ọdún tí ó jáde, kí a lè mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Kí ó sì fi ọ̀wọ̀ bẹ ọmọ ọdún kejì kan pé kí ó kà á, kí ó sọ ohun tí kò dára nínú rẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́, nítorí ẹnu àwọn ọmọ wọ̀nyí mú.

Kí ó kọ ọdún tí a tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú, ní lẹ́tà gàdàgbà. Òfin a máa yí padà. Òfin ilé iṣẹ́ tí a ṣe ní 1990 ti kógbá sílé. Ti 2020 ni ó rọ́pò rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 1988 náà ti lọ, ti 2022 ti dé. Ẹni tí ó bá ń ta ìwé àtijọ́ fún ọmọ tuntun láìsọ fún un ń fi àwòrán ọ̀nà tí omi ti wọ́ lọ tọ́ ọ sọ́nà. Llewellyn tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣe ohun tí ó wù wá ní ti èyí. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé rẹ̀ ti 1930 tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ àti ti ìjọba bá ṣe sí aáwọ̀ ni òfin fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì gbógun tì í nítorí rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà tún jáde ní 1951, kò yọ gbólóhùn náà kúrò ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó sọ ọ́ gbangba níwájú ìwé pé kò kún tó, ó sì ṣàlàyé ibi tí ó kù sí.

Ọ̀rọ̀ fọ́tòkọ́pì kù. Ìwé tí a fi ọdún méjì kọ, wákàtí kan ni wọn yóò fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, tàbí kí ẹnì kan ya àwòrán rẹ̀ kí ó sì rán an káàkiri lórí WhatsApp. Olè ni, a kò ní pè é ní orúkọ mìíràn, ó sì dùn wá pé àwọn tí ń kọ́ òfin ni wọ́n ń ṣe é. Síbẹ̀ náà, kí òǹkọ̀wé wo iye tí ó ń ta ìwé rẹ̀. Bí ìwé ojú ewé ọgọ́rùn-ún bá wọ́n ju oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọmọ alẹ́lùbọ́ kò ní rà á, fọ́tòkọ́pì ni yóò sì lọ. Iye tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó fọ́tòkọ́pì lọ ni odi tí ó dára jùlọ tí òǹkọ̀wé lè mọ yí iṣẹ́ rẹ̀ ká, ó sì lágbára ju ìkìlọ̀ tí a kọ sí ojú ewé kejì lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, iṣẹ́ kan wà fún yín nínú ọ̀ràn yìí. Ọwọ́ yín ni ọmọ náà wà kí ó tó dé yunifásítì. Ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ ọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti lítíréṣọ̀ tí kò fi ní ṣòro fún un láti ka ìdájọ́ gígùn, ẹ̀yin náà ni ẹ sì mọ ibi tí àwọn ọmọ yín àtijọ́ tí wọ́n ti di agbẹjọ́rò wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọn kọ ohun tí ojú wọn rí ní ọdún kìíní sílẹ̀, kí wọn sì má ṣe bẹ̀rù ìnáwó ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà. Bí ìwé náà bá sì jáde, tí òǹkọ̀wé ti kó ẹ̀dà mẹ́ta rẹ̀ lọ sí Ilé Ìkàwé ti Orílẹ̀-èdè bí òfin ti wí, kí ó fi ẹ̀kẹrin ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó ti jáde, kí ẹ gbé e sórí pẹpẹ tí ọwọ́ ọmọ yóò tó, kí ẹ má tì í mọ́ inú àpótí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.